Nígbà Tí Ajá Bá Pa Àwọ̀ Dà

 

Nígbà tí wọ́n lẹ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló pa lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ irun ajá?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó wá gbọ́. Mo rí i pé ó wà níbí. Ìdáhùn mi ni pé kíka àmì ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ẹni tí ó bá ṣi àmì kà nínú ewì, ó lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣi àmì kà lára ohun abẹ̀mí, ẹ̀mí lè ti ibẹ̀ lọ. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ṣi àmì kà lára ajá mi, díẹ̀ ni ó sì kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa á. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ rò fún yín, pẹ̀lú ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀.

Ọdẹ kan ní Ìrè-Èkìtì ni ó fún mi ní ajá náà. Ìjálá ni mo lọ gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú Ògún ni Ìrè, níbẹ̀ ni ìtàn sọ pé ó ti wọlẹ̀, ajá sì ni ẹran rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọdẹ náà gbé ọmọ ajá lé mi lọ́wọ́ tí ó ní kí n máa mú un lọ sílé, mo mọ̀ pé ó fi mí ṣe ènìyàn ni. Ajá náà dú bí kóró iṣin. Kò sí ibi funfun kan lára rẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. (Ẹ má ṣe bi mí pé aládùúgbò wo ni mo fi orúkọ náà bá wí. Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán, ṣùgbọ́n a kì í túmọ̀ rẹ̀ ní gbangba.)

Ilé mi ní Adébáyọ̀ ni Tanímọ̀la gbé dàgbà. Ní ọdún rẹ̀ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé dúdú ara rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Irun ibẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó dà bí aṣọ aláró tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọdún mẹ́ta. Kí òjò ọdún náà tó dá, ajá dúdú ti di ajá tí ẹnìkan kò mọ ohun tí à bá pè é.

Àdúgbò kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Bàbá àgbà kan tí ilé wa kọjú síra wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ajá yín ti gba nǹkan sára. Ohun tí ó ń bọ̀ wá bá ilé yín ni ó fi ara gbé. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ." Ìyá kan ní tirẹ̀ búra pé ajá tí mo mú bọ̀ láti Ìrè kọ́ nìyí, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń lẹ táyà ní ìta wa kò tilẹ̀ wá ìtumọ̀ rárá. Ó ní kí n tètè tà á fún àwọn tí ń se ẹran ajá, kí ó tó gbẹ dànù. Ẹ kíyè sí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ka àmì kan náà, ibì kan náà ni kíkà wọn sì já sí: kí ajá má sí mọ́. Èmi ọ̀mọ̀wé ńkọ́? N kò kà á rárá. Mo ní bóyá bí irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ajá sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wa. A ní *awọ*, a sì ní *àwọ̀*. Awọ ni ohun tí ó bo ẹran, èyí tí a lè bó, tí a lè sá, tí a lè fi ṣe ìlù. Àwọ̀ ni ohun tí ojú rí lórí rẹ̀. Ọmọdé tí ó ń kọ́ àmì ohùn máa ń da méjèèjì pọ̀, a sì máa ń bá a wí. Ṣùgbọ́n bí a bá dé iwájú ajá, àwa àgbà náà a máa dà wọ́n pọ̀. A ó ní "ajá náà pa àwọ̀ dà", a kò ní bi ara wa pé ṣé irun nìkan ni tàbí awọ tí ó wà lábẹ́ irun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà wọn jìn síra. Ajá mìíràn wà tí irun rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá la irun náà, awọ dúdú ni ẹ ó rí. Ìkòkò dúdú ni ó kúkú ń mú ẹ̀kọ funfun jáde. Bí irun bá yí padà tí awọ sì mọ́, oúnjẹ, oòrùn tàbí ọjọ́ orí ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè. Bí awọ fúnra rẹ̀ bá yí padà, a ó wá àrùn lọ. Ìyàtọ̀ yìí kò gba gbogbo rẹ̀ tán, àmọ́ bí mo bá ti ní in lọ́wọ́ nígbà náà, ojú Tanímọ̀la kì bá tí rí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irun. Ohun tí ó ń pa irun láró ni a ń pè ní mẹ́láníìnì. Oríṣi méjì ni: èyí tí ó dúdú tàbí tí ó rí bí kòkó, àti èyí tí ó pupa sí ti ìyeyè. Ìdí irun, nínú awọ, ni àwọn aláró kékeré tí ń pò ó wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tì í sínú irun bí irun ti ń hù. Bí irun bá ti yọ síta, ó ti di òkú ohun, kò sí aláró tí yóò tún bá a níbẹ̀. Nítorí náà, bí ajá bá ń pọ́n, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀: yálà oòrùn ń pa aró tí ó ti wà lára irun, tàbí kí àwọn aláró ìdí irun máa rí nǹkan pò mọ́.

Kí ni wọ́n ń pò? Èròjà kan tí ó ń jẹ́ tairosíìnì ni. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara ti máa ń rí i. Ìwádìí tí a ṣe lára àwọn ọmọ ajá onírun dúdú ti fi hàn pé bí èròjà yìí àti ìbátan rẹ̀ kan bá dín nínú oúnjẹ wọn, dúdú wọn a máa pọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń dàgbà dáadáa. Àní, èyí tí irun nílò kí ó lè dú dáadáa tó bí ìlọ́po méjì èyí tí ara nílò láti fi dàgbà. Ara mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe. Ó ń bọ́ ẹran-ara ná, irun ni ó ń fi ebi pa. Bí bàbà inú oúnjẹ bá dín, bákan náà ni yóò rí, nítorí pé àwọn aláró náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i.

Nígbà tí mo ka èyí, ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ ajá mọ́. Àwa tí a ti bí nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, tàbí tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí wa, a mọ àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun orí wọn sì pọ́n. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí a bí ní Jàmáíkà, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn náà fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní ọdún 1933 ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ tí a fi àgbàdo nìkan bọ́ lẹ́yìn ọmú ni ó ń mú. Ní 1935, ó fi orúkọ tí àwọn Gáà ń pè é sínú ìwé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹ wo bí àwọn ìyá Gáà ti ka àmì náà. Wọn kò ní ọmọ náà gba nǹkan sára. Wọ́n wo ẹni tí ó gba àyè rẹ̀ lẹ́yìn ìyá, wọ́n sì sọ àrùn náà lórúkọ ohun tí ó fà á. Lójú tèmi, ìmọ̀ ìṣègùn ni orúkọ náà kí dókítà kankan tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nínú èdè wa, *pọ́n* ni ọsàn ń ṣe kí a tó ká a, *pọ́n* náà sì ni ojú ń ṣe nígbà tí ìyà bá jẹ ènìyàn, níbi tí a ti rí *ìpọ́njú*. Ti Tanímọ̀la, irun ni ó pọ́n. Ohun tí à ń fún un jẹ nílé mi, ní ilé ọ̀jọ̀gbọ́n, ni ẹ̀bà àjẹkù, ẹ̀kọ, àti egungun tí a ti rún tán. Ó ń yó lójoojúmọ́. A kò fi oúnjẹ dù ú rí.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ń yí irun padà tí kò mú ewu lọ́wọ́, n kò sì ní pẹ́ lórí wọn. Ọmọ ajá púpọ̀ ni àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ kì í ṣe èyí tí yóò fi dàgbà. Funfun ni wọ́n ń bí Dalmatian, tótòtó rẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dúdú ara Alsatian a máa dín bí ó ti ń dàgbà. Ibi tí ajá bá ń lá ṣáá a máa pọ́n láwọ̀ ìpẹtà, nítorí ohun tí ó wà nínú itọ́ rẹ̀. Ewú sì ń hù lẹ́nu ajá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń hù ní irùngbọ̀n mi. Lórí ewú yìí, Camille King, Temple Grandin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2016. Irínwó (400) ajá tí ọjọ́ orí wọn kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ẹ̀rù tètè ń bà, tí ara wọn kì í balẹ̀, ni ewú tètè ń hù lẹ́nu wọn. Ìyàwó mi ní kí n má ṣe ka apá yẹn sí i létí mọ́, nítorí pé ó ti mọ ẹni tí ó hu ewú kí ọjọ́ tó pé nínú ilé wa.

Ó wá ku ti awọ, níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí irun Tanímọ̀la pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ètí etí rẹ̀ ni irun ti kọ́kọ́ re, lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nwọ́ àti ikùn. Awọ tí ó yọ síta pupa bí ojú egbò. Kí ó tó pé oṣù méjì, pupa náà ti di dúdú, ó nípọn, ó rúnjọ, ó wá dà bí awọ erin. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn: mo ní dúdú rẹ̀ ti ń padà bọ̀! Ẹ kò ní rí ọ̀nà tí a fi lè ṣi àmì kà tí ó ju ìyẹn lọ. Dúdú ti àkọ́kọ́, dúdú ìlera ni, orí irun ni ó wà. Dúdú ti ẹ̀ẹ̀kejì, dúdú ìyà ni, inú awọ ni ó wà. Awọ tí ara gbígbóná àti họ́họ́ bá ti dà láàmú fún ìgbà pípẹ́ a máa dú, bí àpá egbò ti ń dú lára tiwa náà.

Wọ́n ní kúrúnà ajá ni, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní òróró ẹ́ńjìnnì tí mọ́tò ti lò gbẹ ni oògùn rẹ̀, n kò sì jiyàn. Gbogbo ayé ni ó ń lò ó. Mo gba kóńgò kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo fi kun ajá náà láti orí dé ìrù. Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń sé àwọn kòkòrò díẹ̀ mọ́, ó sì ń mú kí èépá rọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Òjé àti irin oríṣiríṣi láti inú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, ara tí awọ rẹ̀ ti bó sì ń fà á mu. Ajá kò tún mọ ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà nu ara rẹ̀ ju kí ó lá a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Tanímọ̀la ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ń wò mí, ó sì ń ju ìrù bí mo bá pè é.

Dókítà ẹran tí a sáré gbé e lọ bá kò tó ọmọ mi àkọ́bí lọ́jọ́ orí. Ọṣẹ ni ó kọ́kọ́ fi fọ òróró náà kúrò. Ó fi abẹ ha awọ rẹ̀, ó gbé ohun tí ó ha sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì ní kí n wá wò ó. Mo rí ohun roboto kan tí ó ní ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́jọ. Sarcoptes ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ó sì ń yé ẹyin sínú ihò náà. Dókítà ṣàlàyé pé òmíràn wà, Demodex, tí ń gbé inú ihò irun, tí ìyá ajá ń kó ran ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá ń mu ọmú. Èyí kì í sábà yún ajá ní ìbẹ̀rẹ̀, àyíká ojú ni irun sì sábà máa ń kọ́kọ́ re. Làpálàpá náà wà, tí í ṣe olú-ewú, tí ó sì ń ran ènìyàn. Ó ní bí èrìgì ajá tí eégbọn bò bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó, bí ó bá sì pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó ṣe tán, ó bi mí pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ fi ń bọ́ ọ?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ebi ń pa á, sà. Inú rẹ̀ ń kún, ṣùgbọ́n ebi ń pa á. Irun rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí."

Mo ti gba oríṣiríṣi àríwísí lórí iṣẹ́ ìwádìí mi. Kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lára tó èyí.

Ó gún un ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ń pa kòkòrò náà, ó sì tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé oògùn yìí, ivermectin, kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà kí a fi ojú wọ̀n. Àwọn ẹ̀yà ajá kan tí ó wá láti ìlú òyìnbó, bíi Collie, wà tí ó lè pa. Imí-ọjọ́ tí àwọn bàbá wa ń pò mọ́ òróró kì í ṣe ẹ̀tàn, ó ń pa kòkòrò kúrúnà ní tòótọ́. Òróró ẹ́ńjìnnì ni kò sí nínú ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ajá tí irun rẹ̀ ti re, tí awọ rẹ̀ ti dú, ni àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ lókùúta jù, wọ́n a ní ó ti ya dìgbòlugi. Dìgbòlugi kì í pa àwọ̀ dà. Ìwà ni ó ń pa dà. Ajá oníjà a di jẹ́jẹ́, ajá jẹ́jẹ́ a máa gé igi jẹ, ohùn á yí, itọ́ á máa dà, àgbọ̀n á jábọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún (100) ènìyàn tí dìgbòlugi mú, ajá ni ó kó o ran nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún (99), bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń là á. Nítorí náà, ajá tí irun rẹ̀ ń dán yinrin, tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ó yẹ kí ó máa bà wá lẹ́rù ju elékùúrúnà lọ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba nípa ìlera ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ti ń ṣe àjẹsára náà nílẹ̀ yìí. Ẹni tí ajá bá sì gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15), kí ó tó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń retí ìgbà tí n óò dárúkọ Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé, àwọn ajá ọdẹ inú àlọ́. Bí ìyá mi ti ń pa àlọ́ náà nínú ulé wa (ẹ jẹ́ kí n pè é bí Èkìtì ti ń pè é), iṣẹ́ ọwọ́ ajá kọ̀ọ̀kan wà nínú orúkọ rẹ̀: ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń gbé mì, ọ̀kan ń gbá ilẹ̀. Kò fìgbà kan sọ àwọ̀ wọn fún wa. Mo béèrè rí, nígbà tí mo wà ní kékeré, pé ṣé dúdú ni wọ́n ni àbí pupa. Ó ní ọdẹ náà kò rí ìyẹn rò, nítorí pé orí igi ni ó wà tí ó ń pè wọ́n.

Ó tó oṣù márùn-ún kí irun Tanímọ̀la tó kún. Ẹyin, orí ẹja àti ẹ̀wà wọ inú àwo rẹ̀. Bí mo ti sọ, irun tí ó ti pọ́n kò lè tún dú. Dúdú tuntun ń ti ìdí rẹ̀ jáde wá ni, pupa sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀ títí ó fi re, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lù ú, ajá méjì ni ẹ ó rí nínú ọ̀kan. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ewú ti bo ẹnu rẹ̀. Bàbá tí ó ní kí n jẹ́ kí ó máa lọ ni ó ń bá ṣọ́ ìta ní ọ̀sán, tí èmi bá wá síbí.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Dókítà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó ní ìlà kẹta, ó sì ti gbà kí n fi í hàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè lórí oògùn àti oúnjẹ ajá, òun ni kí ẹ bi. Bí ó bá jẹ́ ti awọ àti àwọ̀, èmi nìyí.